Ọmọ Ọmọ Mi Tó Ń Ya Fíìmù

Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ní Alábàtà, ọmọ ọmọ mi obìnrin sì ń bínú sí i. Fóònù ló fi ń ya fíìmù. Bí mo bá dáhùn ìkíni rẹ̀ pàápàá, á ní, "Màmá, ẹ tún un sọ, mi ò tíì tan fóònù."

Fíìmù náà dá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó ń fẹ́ra wọn, táwọn kan fẹ́ pa. Ibi tí wọ́n ti máa sá lọ nìkan ló kù láti yà. Bí àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń ṣeré náà ṣe ń sáré gba oko ẹ̀gẹ́ kọjá, àwọn ọlọ́kadà tó wà létí títì rò pé olè ni wọ́n. Wọ́n gbé igi, wọ́n sì ń lé wọn.

"Kí ni wọ́n jí?" ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà bèèrè.

"Wọn ò jí nǹkan kan! Fíìmù ni! Wọ́n fẹ́ràn ara wọn ni!" Ọmọ ọmọ mi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn ló wá burú jù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà ti wá fa ọmọ ẹ̀ lọ.

"Màmá, ṣé ẹ rí i? Olè gan-an sàn lójú wọn."

Mo ní kó dìde nínú ẹrẹ̀ tó jókòó sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó fá orí rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa yà á. Ó wá di ọwọ́ ọmọkùnrin tó kù mú, wọ́n sì sáré wọnú oko.