Eyín Mẹ́ta Tó Tẹ̀

Nígbà tí ọmọ-ọmọ Màmá Sáfù pé ọjọ́ méje ní Abidjan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ohun kan ṣoṣo tí màmá náà gbọ́kàn lé jẹ́.

Opó ni wọ́n, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ilé wọn kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Nimbo, níhìn-ín ní Bouaké, ní Ivory Coast. Ojú wọn ti di bàìbàì, wọn kò rí ohun tó wà nínú fóònù. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi wo ìkómọ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn sọ ọmọ náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti gbó. Bí àwòrán bá ń bọ̀, á kàn dúró, ọ̀rọ̀ á sì gé.

Pùrósẹsẹ́ẹ̀ rẹ̀ ni kò lágbára mọ́. Òun ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà: ó rí pẹlẹbẹ, ó kéré bíi bísíkíìtì, eyín wẹ́wẹ́ sì kún abẹ́ rẹ̀. Èyí tó lágbára jù ú lọ, tó sì bá ẹ̀rọ náà mu, wà nínú kọ̀ǹpútà kan tó ti kú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹyọ kan yẹn ni mo ní.

Irin kan máa ń wà lórí rẹ̀ tó ń fa ooru kúrò, ọ̀rá funfun á sì wà láàárín wọn. Bó bá pẹ́, ọ̀rá náà á gan bíi sìmẹ́ǹtì. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, nígbà tí mo ti dàgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò: “Mú un gbóná. Yí i. Kí o tó fà á.” Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ náà ni mo kánjú, mo fà á ní tútù. Pùrósẹsẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin, ó bá a jáde, eyín mẹ́ta sì tẹ̀.

Bí ọ̀kan bá kán, ó parí. Mo nílò abẹ́rẹ́. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́rin, n kò sì tíì ṣí àpótí ìránṣọ rẹ̀. Mo ṣí i. Abẹ́rẹ́ tó fi gún ara òwú dúdú ṣì wà níbẹ̀. Mo ń fi gbé eyín náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ, nígbà tí Màmá Sáfù yọjú.

“Bàbá Ráfíù, ṣé ó dìgbà tí ọmọ náà bá ń lọ sílé ọkọ kí o tó ṣe é tán?”

Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo eyín tó tẹ̀ náà.

Kí oòrùn tó wọ̀, eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tọ́, mo fi pùrósẹsẹ́ẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ wọn, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá tàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó tì wọ́n nílé wọn, bóyá ẹ̀rọ á tún ṣe bákan. Àlùfáà pe orúkọ tirẹ̀ ní Abidjan, Màmá Sáfù pe tiwọn, ohùn wọn kò gé. Mo ń kó irin iṣẹ́ mi nígbà tí wọ́n di apá aṣọ mi mú.

“Níbo lò ń lọ? Àgbà kì í jókòó síbi ìkómọ kó panu mọ́. Ìwọ náà, fún un lórúkọ.”

Mo ní iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Màmá Sáfù kò fi mí sílẹ̀. Àwọn ti Abidjan náà ń wò mí, wọ́n ń dúró.

“Àbẹ̀kẹ́,” ni mo wí.

Bí mo ṣe máa ń pe ìyàwó mi nìyẹn. Láti ọdún mẹ́rin, kò tíì jáde lẹ́nu mi. Wọ́n gbà á lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi pe ọmọ náà, ẹnì kan tẹ̀ lé ẹnì kan. Mo tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ bí ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Àwòrán náà kò dúró, ọ̀rọ̀ kò sì gé.