Ìkúnlẹ̀ Nídìí Ihò Ìkẹyìn

Dókítà ló ní kí n máa rìn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé ìjókòó ojoojúmọ́ nídìí òwú àti bọ́tìnnì tí mò ń tà ní ọjà Ouando ló fà á. Ṣùgbọ́n kí èèyàn kàn máa rìn ṣáá láìní ibi tó ń lọ, ìyẹn jọ ti wèrè lójú mi. Ìgbà tí mo wá rí pápá gọ́ọ̀fù tó wà lọ́nà Akpro-Missérété, tí igi tíìkì àti máńgòrò tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, mo ní ó parí.

Ẹ má rò pé pápá olówó ni o. Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà kò tó owó alùpùpù láti ibẹ̀ dé ilé wa ní Dowa, wọ́n á sì tún yá èèyàn ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò sí koríko nídìí ihò tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀. Yanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo ẹ́ńjìnì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ àwọn tó ń ti oko bọ̀ la àárín pápá kọjá, kò sì sẹ́ni tó lè dí i.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Òyìnbó ní bí èèyàn bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, kí gbogbo ayé dákẹ́. Nínú àwa Nàgó, Yorùbá ìhà ibí, ta ló máa rí ẹni tó gbé ọ̀pá sókè nínú oòrùn tí kò ní kí i kú iṣẹ́? Ta ni wọ́n sì máa kí tí kò ní dáhùn? Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń gbá a láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó máa ń jágbe “Sìláǹsì!” mọ́ àwọn obìnrin tó ru ẹrù, àwọn náà á dúró, wọ́n á bi í pé ta ló ń bá wí. Ní tèmi, bí wọ́n bá ti kí mi ni màá dáhùn, bọ́ọ̀lù á sì gba inú igi lọ.

Mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yẹn, mo fẹ́ ẹ débi pé ó ń dùn mí. Tíṣà ní kò burú, kí n kọ́kọ́ na òun nínú ayò náà. Bí mi ò bá nà án, kí n padà sídìí òwú mi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Ojú tó ti rí òkun, ọ̀sà kò lè bà á lẹ́rù. Èmi tí mo ti bá oníbàárà Ouando fà á láti ìgbà ọmọge! Òjò ni o, oòrùn ni o, mò ń lọ gbá bọ́ọ̀lù kí n tó ṣí ìsọ̀.

Ọjọ́ tí a dá pé. A bá ara wa dé ihò ìkẹyìn ní ọgbọọgba. Tíṣà ti gbá tirẹ̀ tán. Bí tèmi bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, mo nà án. Bí ó bá yẹ̀, ọ̀mì ni, ọ̀mì kì í sì í ṣe nínà. Mo wo yanrìn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ní tààrà ni màá gbá a.

“Ìyàwó, o kú iṣẹ́ o.”

Ìyá ọkọ mi ni, wọ́n ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Tíṣà fi ìka sẹ́nu, ó ń mi orí sí mi. Mo sọ ọ̀pá sílẹ̀, mo fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ sínú yanrìn elépo. Ìyá bi mí nípa ọkọ, wọ́n bi mí nípa àwọn ọmọ, wọ́n bi mí nípa ọjà, mo sì ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe tẹríba bẹ́ẹ̀, ojú mi sún mọ́ ilẹ̀, ni mo bá rí i pé yanrìn náà rọra dagẹ̀rẹ̀ sí òsì. Mi ò rí i nígbà tí mo wà lóòró.

Mo dìde pẹ̀lú epo lára ìró. Mo gbá bọ́ọ̀lù náà sí ọwọ́ ọ̀tún ihò. Ó lọ, ó yí wá sí òsì, ó sì já sínú rẹ̀.

Ìyá wo ihò, wọ́n wo tíṣà. “Ó wọlé, àbí kò wọlé?”

Tíṣà ní ó wọlé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo bá tíṣà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ihò àkọ́kọ́, ó ń wo yanrìn. Mo kí i kú iṣẹ́. Ó dáhùn.