Hóró Oògùn Lábẹ́ Awọ Àgbò

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ tí ìbínú bá wà nínú rẹ̀ kì í fẹ́ ìkánjú.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbà, láàárín àwọn ọdún 1980. Gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà níbẹ̀ ló mọ ẹnu mi. Ẹ gbàgbé láti lo oògùn yín? N ó bi yín níwájú gbogbo èrò pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Wọ́n á dorí kodò, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì." Mo rò pé iṣẹ́ nìyẹn.

Ìgbà náà ni ọkọ mi lọ mú bàbá rẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn sí ilé wa ní Igbó-Elérin. Ahunṣọ ni bàbá. Òòyì ń kọ́ wọn, ọwọ́ òsì wọn sì ń kú tipiri lórí òfì. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ti ga kọjá ààlà. Àbúrò wọn ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ọ̀nà kan náà ni bàbá ń tọ̀.

Bàbá kò fẹ́ràn mi. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n ti ní ẹnu mi ti mú jù. Mo dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, wọ́n ti àwo sẹ́yìn: "Ìyàwó, ṣé omi tí o fi ṣan ìkòkò lo bù fún mi yìí?"

Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ fún wọn ní oògùn. Wọ́n á jù ú sẹ́nu, wọ́n á mu omi lé e. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbọn awọ àgbò tí wọ́n fi ń kírun, ni hóró oògùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sílẹ̀ láti abẹ́ rẹ̀.

Gbólóhùn mi ti dé ètè. Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa bi bàbá ọkọ rẹ̀ pé ṣé wọ́n fẹ́ kú ni? Mo gbé e mì. Ó korò ju oògùn lọ.

Bàbá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. "O ti rí i. Oògùn tí a ò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Lọ wí fún ọkọ rẹ."

Mo kúnlẹ̀. Inú ń bí mi. N kò lè pàṣẹ, ni mo bá béèrè. "Bàbá, kí ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́?"

"Háà! Wọ́n ní o mọ iṣẹ́ o! Aláìsàn ni nọ́ọ̀sì tún ń bi léèrè?"

Mo rọra ká awọ àgbò náà.

"Mo fẹ́ kúrò nílé rẹ. Mo fẹ́ padà sídìí òfì mi, níbi tí obìnrin kankan kò ti ní máa ṣọ́ ẹnu mi."

"Kí ló wá ń dá yín dúró, Bàbá?"

Wọ́n wo ọwọ́ òsì wọn, wọ́n ká a, wọ́n nà án. "Ọwọ́ yìí ni. Kò gbọ́ tèmi mọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára àbúrò mi nìyẹn."

"Kí lẹ rò pé a lè ṣe sí i?"

"Má bi mí ní nǹkan kan mọ́!" Wọ́n na ọwọ́. Mo rò pé etí mi ni wọ́n fẹ́ gbá. Oògùn ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n gbé e mì, wọ́n ya ẹnu gbàgà kí n wo inú rẹ̀. "Kì í ṣe nítorí tìẹ o. Kí n lè tètè kúrò nílé rẹ ni."

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún oṣù mélòó kan: oògùn, omi, ẹnu yíyà. A kò rẹ́rìn-ín síra wa lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà rọlẹ̀, tí ọwọ́ òsì wọn sì tún lè so òwú, mo ru ẹrù wọn dé ibùdókọ̀ ní Okokomaiko. Láàárọ̀ ọjọ́ náà wọ́n gba oògùn sọ́wọ́, wọ́n kọ̀ láti lò ó, wọ́n ní àwọn ti lọ.

Wọ́n wọ ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ láti dágbére, wọ́n kọjú sí àwọn èrò. "Ẹ wo ìyàwó ọmọ mi. Ìkà ni. Kò sí iyọ̀ nílé rẹ̀!"

Bí ọkọ̀ ti ń ṣí, wọ́n yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ya ẹnu sí mi. Hóró oògùn òwúrọ̀ wà lórí ahọ́n wọn. Wọ́n gbé e mì. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi di irin fèrèsé mú, wọ́n dì í mú gírígírí.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí n kò fi rí ọkọ̀ náà mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó dìde, tí mo yọ ṣùtì.