Àpò Ẹkùrọ́ Tí Òjò Pa

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ṣakẹ́tẹ́, tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹkùrọ́ ni ìyá mi ń tà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé ẹkùrọ́ inú abọ́ ni mò ń sọ o. Ọwọ́ àwọn obìnrin oko Pobẹ̀ ló ti ń rà á jọ, tí yóò fi ọkọ̀ ojú irin gbé e wálé, tí yóò sì lọ tà á lójú fèrèsé ilé ìtajà àwọn òyìnbó. Iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń san. Ẹni tó bá ráhùn, wọn a ní kó gbé ẹrù rẹ̀ padà. Ìyá mi kórìíra fèrèsé yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tó yá, òyìnbó kan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí padà sí ìlú rẹ̀, ó dá iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀, ó sì kọ̀wé pé kí ìyá mi máa fi ẹkùrọ́ ránṣẹ́ sí òun tààrà. Báńkì rẹ̀ wá fi lẹ́tà kirédì ránṣẹ́ sí báńkì kan ní Kútọnu. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: lẹ́tà náà ṣèlérí pé bí ìyá mi bá kó ìwé ẹrù wá, tí gbogbo rẹ̀ sì bá ohun tí lẹ́tà sọ mu, báńkì yóò sanwó. Báńkì kì í wo ẹkùrọ́, ìwé ló ń wò. Ta sì ni wọ́n fi sídìí yíyẹ àwọn ìwé náà wò? Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ni, tí àwa ọmọ ń pè ní Tọ̀ntọ́n. Ọkàn ìyá mi balẹ̀ pátápátá.

Èmi ni mo bá a lọ sí èbúté, nítorí pé mo gbọ́ Faransé díẹ̀. Òjò ti pa mélòó kan lára àwọn àpò kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀. Òyìnbó tó ń gba ẹrù kò tilẹ̀ kíyè sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjà wa, èyí tí omi bá kàn, òkè la ń gbé e sí kí olùrà fojú ara rẹ̀ rí i. Ìyá mi ní kí n sọ fún un pé òjò pa àwọn àpò yìí, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sọ ọ́, inú mi sì dùn pé Faransé mi já geere. Òyìnbó náà wò wá tìyanutìyanu, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ọkọ̀ fi ń jẹ́rìí pé òun gba ẹrù.

Ní báńkì, Tọ̀ntọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó wo iye àpò, ó wo orúkọ ọkọ̀, ó wo ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ òjò sí, ìka rẹ̀ dúró. Ìwé ọkọ̀ tí kò ka àléébù kankan sí ẹrù lọ́rùn ni lẹ́tà béèrè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú,” ó ní. “Mi ò lè gba ìwé yìí.”

“Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà? Bí mo bá ti pa ẹnu mọ́ ńkọ́?”

“Ǹ bá gbà á. Ohun tó wà nínú ìwé nìkan ni mò ń wò.”

“Ẹni tó bá dákẹ́ lẹ wá ń sanwó fún.”

Tọ̀ntọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ báńkì, níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tó lọ̀ kanrin. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ṣùgbọ́n kò gba ìwé náà. Nígbà tó dìde, ó fi tẹligíráàmù béèrè lọ́wọ́ báńkì olùrà bóyá oníbàárà wọn lè gba ẹrù náà bẹ́ẹ̀.

Ilé Tọ̀ntọ́n náà la ti dúró de èsì. Ìyá mi kò fọwọ́ kan oúnjẹ ilé náà. Àkàsà ló ń rà lójú títì, ẹnu ọ̀nà ló sì ń jókòó sí jẹ ẹ́, kí àbúrò rẹ̀ lè rí i dáadáa. Ẹ̀rù ló ń bà á, mo mọ̀. Bí olùrà bá kọ ẹrù náà, ojú fèrèsé yẹn ló ń padà sí.

Èsì dé: olùrà gbà, kí wọ́n sanwó. Lẹ́tà tó kọ lẹ́yìn náà sọ pé òun ti mọ̀ pé ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́, nítorí òun kò mọ ẹlòmíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Tọ̀ntọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, òun yóò máa gbé ìwé rẹ̀ fún ẹlòmíràn yẹ̀ wò, kí ìjà má bàa wọ àárín àwọn.

“Ta lo fẹ́ gbé e fún?” ni ìyá mi wí. “Ìwọ ni wàá máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó lè kọ̀ fún mi, kò sí ẹni tí kò lè kọ̀ fún.”

Ó wá béèrè ohun tí ìyàwó Tọ̀ntọ́n sè. Inú abọ́ kan náà ni òun àti àbúrò rẹ̀ ti jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Lónìí, láti Ṣakẹ́tẹ́ níbí ni ọmọ ọmọ mi ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun, orí fóònù ló sì ti ń fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń wò ó. Láìpẹ́ yìí wọ́n dá ìwé kan padà fún un, mo bi í pé ta ló dá a padà. Ó ní òun kò mọ̀, ó ń tún un ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín. Tiwọn yá ju tiwa lọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò bínú sí, kò sì rí ẹni tí wọn yóò jọ jẹun nígbà tí ìbínú bá tán.