Àmì Ara Ọ̀pá Ìbọn

Àwọn ọmọdé yin báńgà ní Tanke lánàá. Òórùn ẹ̀tù náà gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ kan ní Ṣàngó, níbi tí bàbá mi gbé ìbọn ṣakabùlà tó jogún lọ, kó lè ra ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì í.

"Àlájì, ti igi ni àbí ti irin?" alágbẹ̀dẹ bi bàbá mi.

"Èyí tí kò ní ṣẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró níta o, ẹ̀tù wà ńlẹ̀."

Bàbá kò fi mí sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú débi pé ó ń dùn mí, inú mi sì ń dùn.

Alágbẹ̀dẹ ti ọ̀pá irin bọ ìbọn òfìfo náà títí ó fi kanlẹ̀, ó wá fi ayùn rẹ́ àmì sára ọ̀pá lẹ́nu ìbọn. "Tí àmì yìí bá ti yọ sókè, nǹkan ń bẹ nínú ìbọn."

Nígbà tí a délé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá mi ni Bàbá gbé ìbọn náà sí, tòun ti ọ̀pá lẹ́nu.

"Bàbá, àmì ti yọ sókè!"

Ìyá mi bú sẹ́kún.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé àwọn ajínigbé pe Bàbá lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà, orúkọ mi ni wọ́n sì dá.