Àwọ̀ Ewé Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà Funfun

Ojú mi báyìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, mi ò sì kà á nínú ìwé, torí mi ò parí ìwé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́tò, ẹ lọ béèrè mi ní gbogbo Muṣin. Ojú lásán ni mo fi ń po àwọ̀, kọ̀ǹpútà ò lè rí ìyàtọ̀ níbẹ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ háyà ọgbà kan, ṣọ́ọ̀bù méjì, géètì kan. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ́n ọ̀dà tí kò fi ní í ṣàn. Ohun kan ṣoṣo tó fi jù mí lọ ni Faransé. Ó ti gbé Kútọnu rí.

Nígbà tí ìbò ń bọ̀ ní òdìkejì bọ́dà, àwọn èèyàn ẹgbẹ́ òṣèlú kan kó ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké wá, pé kí a fi àwọ̀ ẹgbẹ́ wọn kùn wọ́n. Wọ́n kọjá lára mi tààrà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Pátróòn! Pátróòn!" Ọ̀gá nìyẹn lédè wọn. Ta ni ọ̀gá? Wọ́n gbé búrẹ́dì gígùn àti wáìnì wá, wọ́n yí i ká, àwọn ọmọ iṣẹ́ tèmi gan-an ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò fọwọ́ kan búrẹ́dì wọn.

Nígbà tó yá, ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo pupa yìí, kò dọ́gba."

"Ṣé Faransé ò lè pò ó ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, Faransé ò mọ pupa bíi tiyín."

Mo pò ó. Ó dọ́gba débi pé àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Níbi tí wọ́n ti ń fi sáńpépà ha ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà ni mo ti rí i. Lábẹ́ ọ̀dà funfun, àwọ̀ ewé ṣíṣú, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ológun. Mo fi èékánná ha á. Mo bi ọ̀rẹ́ mi, ó ní àwọn tó ń ṣọ́ igbó ìjọba ló ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀, pé gbàǹjo ni wọ́n ti rà á. Mo ní ó dáa.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ìdí olùta ìwé ìròyìn ní bọ́sítọ́ọ̀pù wa, níbi tí a ti máa ń dúró kà láìrà. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kà á sókè: wọ́n fẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní òdìkejì bọ́dà pé òun ló ń ti àwọn agbébọn inú igbó lẹ́yìn.

"Ẹ̀sùn lásán," ni tíṣà wí. "Ẹ̀rí dà?"

"Ẹ̀rí wà nínú ọgbà mi!"

"Ọlọ́dà, ìwọ tó o máa ń wo fọ́tò nìkan!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo wá sọ ọ́ fún wọn: àwọ̀ ewé, àti ojú ihò ọta ìbọn tí wọ́n fi pọ́tì tí a fi ń tún ara mọ́tò ṣe dí lára ilẹ̀kùn. Pọ́tì wà níbẹ̀, mo rí i. Ẹ̀rín tán. Wọ́n gbé àga fún mi. Tíṣà pàápàá ń pè mí ní "ọ̀gá mi".

Kò pẹ́ tí àwọn agbófinró fi dé ọgbà wa. Wọn ò béèrè ṣọ́ọ̀bù ta ni. Géètì kan ni wọ́n rí, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn," ni ọ̀rẹ́ mi wí nígbà tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ sọ pé mo sọ fún yín pé ọkọ̀ gbàǹjo ni."

Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ó wò mí títí wọ́n fi tì í sínú ọkọ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n ní òótọ́ ló sọ. Ẹnu wọn nìyẹn. Àwọ̀ ewé ni mo rí.

Ohun tó lọ nìyí: Ọgbà kan, onílé ti gbà á. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí a fi ń fọ́n ọ̀dà, méjì, tèmi kan, tirẹ̀ kan, wọn ò dá wọn padà. Ọ̀rẹ́ kan. Ọmọ iṣẹ́ márùn-ún: mẹ́rin tẹ̀lé e lọ sí Kútọnu, ọ̀kan ń wa kẹ̀kẹ́.