Ìlú Tí Kò Sí Lára Fíríjì

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé àwọn Helliwell ní Halifax, lápá àríwá ilẹ̀ England, ògiri ọ̀hún ò sì nípọn. Bí ìyá wọn bá húkọ́ lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń wá omi mu. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Lorna kì í ṣe àgbọ́sọ. Etí mi ló gbọ́ ọ, ojú mi ló rí i, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lorna ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọmọge, ó sì mọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kọ̀ tí kò gbé e mọ́, Duncan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gbé lápá gúúsù nítòsí London pẹ̀lú Gail ìyàwó rẹ̀. Duncan ní iṣẹ́ òun ò gba òun láyè. Iṣẹ́ Lorna ló wá gbà á láyè. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó padà sínú yàrá kékeré tó ń sùn nígbà tó wà nílé ìwé. Ẹnikẹ́ni ò bá a jókòó sọ ọ́. Ìyá kàn bi í pé, "O ò bínú, àbí?" Lorna ní, "Rárá o, kí ni n ó máa bínú sí?"

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí ìbéèrè yẹn, torí òun ló ba ayé ọmọ náà jẹ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ẹnì kan bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ, á kọ́kọ́ bi ọ́ pé ṣé o ò bínú. Èsì kan náà ló wà fún un. Àtikékeré la ti kọ́ ọ, pa pọ̀ mọ́ "ẹ jọ̀ọ́" àti "ẹ ṣeun". Ẹni tó bá dáhùn pé òun bínú, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọmọlúàbí á dákẹ́, á lọ gbé omi tíì kaná. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Fíríjì wọn lẹ gbọ́dọ̀ wá rí. Duncan àti Gail fẹ́ràn kí wọ́n sáré lọ sí ìlú kan ní Yúróòpù, kí wọ́n lo ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n padà. Ibi gbogbo tí wọ́n bá dé, wọn á ra òòfà kékeré kan tí wọ́n ya àwòrán ìlú náà sí, wọn á fi ránṣẹ́ sí ìyá. Ìyá á ní kí Lorna lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríjì. Paris ń bẹ níbẹ̀, Róòmù ń bẹ níbẹ̀, Prague, Vienna, Barcelona, títí kan àwọn ìlú tí n ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ wọn. Bí Lorna bá fẹ́ mú mílíìkì fún tíì ìyá rẹ̀, Yúróòpù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbádùn ló máa ṣí kó tó rí i mú. Gbogbo Sátidé ló ń fi àkísà nù wọ́n, torí ìyá ò fẹ́ eruku lára nǹkan Duncan.

Lọ́dún kan, nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ẹsẹ̀ ìyá wo ojú Lorna, ó ní kó jókòó kí òun wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ náà. Ohun tó rí ò dùn mọ́ ọn. Ó bá pe Duncan lórí fóònù níṣojú gbogbo wọn, ó ní àbúrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi. Duncan ò lè sọ pé rárá fún àlejò. Ó ní òun á wá dúró ti ìyá fún ọjọ́ mẹ́rin nínú oṣù Karùn-ún, kí Lorna lọ síbi tó bá wù ú.

Ọjọ́ kejì, Lorna gba ilé ìkàwé lọ, ó sì kó ìwé ìrìn-àjò wá sí ilé ìdáná mi. N ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n.

"Noreen, ìlú tí kò sí lára fíríjì ni mò ń wá."

Mo ní, "Wàhálà dé. Èyí tó kù ò pọ̀. O ò ṣe kúkú lọ sí Grimsby, ìlú àwọn apẹja lọ́hùn-ún? Mo fi dá ọ lójú pé Duncan ò ní débẹ̀ láéláé."

Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láṣọ. Ó wá ní òun kúkú ti mọ ibi tí òun fẹ́ lọ. Porto ni, ní ilẹ̀ àwọn Àgùdà, ní Portugal. Ó ní àwòrán ńlá kan wà lókè tábìlì tí òun ti ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù táìsì ọjọ́sí, àwòrán ibùdókọ̀ ojú irin tó wà ní Porto, tí wọ́n fi táìsì aláwọ̀ búlúù àti funfun bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀: ẹṣin, ogun, àwọn ọba, àwọn obìnrin tó ń kórè èso. Gbogbo ọdún tó fi ta táìsì ilé ìwẹ̀ fún àwọn ará Halifax, òkè yẹn ló máa ń wò.

"Kí n ṣáà dúró sáàárín ibẹ̀ ni mo fẹ́," ó ní. "Kí n gbójú sókè, kó má sí ẹni tó máa pè mí."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ń sin ìyá láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ ayé nìyẹn. Mo ní kó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kò dára kí òun ṣe é lẹ́yìn ìyá òun.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún látinú ògiri lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá Helliwell ní ohùn tó máa ń la nǹkan kọjá.

"Porto? Ta ló ń lọ sí Porto? Ṣé Róòmù ti wó ni?"

"Duncan ti lọ sí Róòmù, Mọ́mì."

"Ó dáa náà ni ó ṣe lọ. Ìwọ bá lọ sí Róòmù, wọ́n á já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ kó o tó bọ́ọ́lẹ̀."

"Wọn ò já ti Gail."

"Gail mú ọkọ dání. Ìwọ ta lo mú dání? Obìnrin tó bá dá jókòó nílé oúnjẹ, ṣe ni wọ́n máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìyàgbẹ́. Ta ló máa bá ọ jẹun?"

"Ìwé mi á bá mi jẹun."

"Haà, ìwé! Ó dáa. Lọ. Ẹ má wò mí rárá. Èmi kí ni mo já mọ́? Bí mo bá ṣubú, ilẹ̀ ni n ó bá, ilẹ̀ ò kúkú jìnnà."

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tàn yín. Bí arúgbó ọ̀dọ̀ wa bá ní ẹ má wo òun, ẹ ò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀ o. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn Lorna ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ya fọ́tò fún ìwé ìrìnnà, ojú rẹ̀ nínú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Ó ra bàtà tó rọ̀ tí yóò fi rìn, ó sì ń wọ̀ ọ́ nínú ilé kó lè bá a lẹ́sẹ̀ mu. Mo máa ń gbọ́ bàtà náà lórí àtẹ̀gùn, inú mi á sì dùn.

Ọjọ́ Sunday ni Duncan máa ń pe ìyá rẹ̀. Ìyá á tẹ fóònù náà kó lè gbóhùn síta torí etí rẹ̀. Ìyá ló sọ fún un: "Àbúrò rẹ ní òun ń lọ sí Porto o, òun nìkan, níbi tí ọjọ́ orí rẹ̀ dé yìí."

"Porto!" ni Duncan wí. "Áà, ibẹ̀ ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́, tí ara mi bù máṣọ.

Ọ̀sẹ̀ tí Lorna máa lọ ni Duncan pè é padà. Mo wà níbẹ̀, mo wá yá ṣúgà. Duncan ní wàhálà kékeré kan ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ ìbí Gail bọ́ sínú ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ọjọ́ ìbí ńlá ni pẹ̀lú, Gail sì ti ń wá ibi tí wọn ò tíì dé. "Ìwọ gan-an lo jẹ́ ká ronú kan Porto, Lorna. Gbogbo ẹ̀ la ti san. Ìwọ lè lọ nígbàkigbà, àwa níṣẹ́ tó so wá mọ́lẹ̀. O ò bínú, àbí?"

Mo ń wo Lorna. Mo ń mi orí sí i kíkankíkan. Mo fi ẹnu sọ ọ́ láìdún: *sọ pé o bínú*. Bàtà tuntun náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Rárá o," ni Lorna wí. "Kí ni n ó máa bínú sí? Ẹ bá mi kí Gail kú ọjọ́ ìbí."

Mo ní kí èmi wá dúró ti ìyá, kó máa lọ. Ìyá Helliwell pariwo láti orí àga pé òun ò ní jẹ́ kí ará ilé kejì bọ́ aṣọ lára òun. Mo ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ńkọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin péré? Ó ní ẹni tí wọ́n bá gbé wọ ibẹ̀, pósí ló ń gbé e jáde. Lorna gbé omi tíì kaná. Ó yí ẹ̀yìn sí wa títí omi náà fi hó.

Kò pẹ́ tí òòfà náà fi dé nínú àpò ìwé. Wọ́n ṣe é bíi táìsì kékeré, búlúù àti funfun. Ìyá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń yìn ín.

"Wò ó, ó mà dára o! Duncan ò gbàgbé mi láéláé. Lorna, o rí i? Porto wá bá ọ nílé. O ò tiẹ̀ ní wọ bàlúù mọ́."

Lorna gbà á, ó wá àyè fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vienna. Láti Sátidé yẹn lọ, ó ń nu òun náà.

Ó kù díẹ̀ kí ọdún méjì pé lẹ́yìn náà ni ìyá kú, lójú oorun, sí ọwọ́ Lorna. Duncan sọ̀rọ̀ dáadáa níbi ìsìnkú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òun àti Gail wá sílé náà. Èmi ni mo se tíì lọ́jọ́ yẹn. Duncan dúró láàárín ilé ìdáná, ó ń wo àjà.

"A ò ní jẹ́ kó pẹ́ ká tó ta ilé yìí," ó ní. "Ìdajì fún ọ, ìdajì fún mi, bí Mọ́mì ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni kan ti fẹ́ rà á, ó ní kí ilé ti ṣófo kóṣù yìí tó parí. O ò bínú, àbí?"

Lorna wò ó lójú.

"Mo bínú, Duncan."

Ọlọ́run ló gbọ́ ọ, èmi náà gbọ́ ọ. Ó là á ketekete. Ṣùgbọ́n Duncan ti yíjú sí Gail kó tó sọ ọ́ tán. Ó ní, "O ṣeun, mo mọ̀ pé o máa gba tiwa rò. Èèyàn dáadáa ni ọ́." Ó na ọwọ́ sí fíríjì, ó yọ táìsì kékeré yẹn, ó fi lé Lorna lọ́wọ́. "Mú èyí, fi rántí Mọ́mì. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn Porto."

Bí wọ́n ṣe jáde, Lorna lẹ̀ ẹ́ padà síbi tó wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin tó ń kó ẹrù àlòkù lọ sí ààtàn wá gbé fíríjì náà tòun ti gbogbo ìlú tó wà lára rẹ̀. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, à ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tì í sínú ọkọ̀.

Mo ní, "Ó ti tán, Lorna. Kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ mọ́. Ìlú wo lo fẹ́ lọ báyìí?"

Ó wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí ó ti gbó nínú ilé.

"Ìlú tí n ó máa gbé ni mò ń wá, Noreen," ó ní. "Bí o bá gbọ́ nípa yàrá kan níbikíbi, sọ fún mi."